Ògiri Tó Kọjú sí Òkun

Èmi Nibaldo, ọ̀dà kíkùn ni mo fi ń jẹun
ní erékùṣù Ṣíloé, nísàlẹ̀ pátápátá ilẹ̀ Ṣílè,
níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni tó ń san gbèsè.
Pákó la fi ń kọ́lé níbẹ̀, pákó pẹlẹbẹ,
a ó tò ó léra wọn bí ìpẹ́ ẹja.

Nígbà àkọ́kọ́ tí Eduvina Millalonco ránṣẹ́ pè mí,
Fresia òdìkejì ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ìsọ̀ tirẹ̀ ní àwọ̀ aró ni.
“Nibaldo, tèmi ti wá dà bí aṣọ àná.”
Mo fi èékánná họ ògiri,
mo kan pákó, kó, kó, mo fetí lé e.
Mo ní, “Màmá, kò sóhun tó ṣe ilé yìí.
Ojú yín ló ń yún yín.”
Ó bú mi, ó fún mi ní tíì,
mo gbé àkàbà mi, mo padà sílé.
Ìyàwó mi bi mí bóyá orí mi pé.

Nígbà kejì, Yanara ọmọ ọmọ rẹ̀ ti Santiago dé
pẹ̀lú bébà aláràbarà:
“Àwọ̀ eérú ló wà lóde, ìyá àgbà,
àwọ̀ eérú àti lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́.”
Wọ́n fi gbogbo ìgbà òtútù jiyàn.
Mo ti po ọ̀dà náà, ó wà lẹ́yìnkùlé mi dòní,
ó ti di òkúta.
Baudilio apẹja ló bà á jẹ́.
Ó wá ráhùn pé owó búrẹ́dì ti wọ́n jù,
ló bá mẹ́nu kan kùrukùru oṣù kẹfà,
bí ẹ́ńjìnnì ṣe kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú omi,
tó fi àjẹ̀ wá àwọ̀ ìyeyè ògiri yẹn kiri
bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń wá ohùn ìyá rẹ̀ nínú òkùnkùn.
Ó gba ṣéńjì rẹ̀, ó lọ.

Àsìkò ò sí nínú kàlẹ́ńdà.
Ó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, nínú òjò,
lẹ́sẹ̀ ọkùnrin kan tó rìn láti ọ̀nà Huillinco,
kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó fẹ́ kẹrosíìnì.
ÒWÚ ÀTI KẸROSÍÌNÌ, bẹ́ẹ̀ ni ògiri wí,
ọdún kọkànlá rèé tí kẹrosíìnì ti tán níbẹ̀.
Ọkùnrin náà wo ògiri, ó wo ìyá,
kò sọ nǹkan kan, ó kọrí sínú òjò padà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Eduvina fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà mi,
omi ń kán létí rẹ̀:
“Nibaldo, ògiri mi ti ń parọ́.”

N ò jiyàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fá a.
Lábẹ́ ìyeyè, àwọ̀ ewé ayé ọkọ rẹ̀,
lábẹ́ ewé, pupa ayé ìyá ọkọ.
Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.
Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ KẸROSÍÌNÌ gan-an, pákó méje ti jẹrà,
èmi tí mo kan ògiri, tí mo fetí lé e!
Mi ò gbowó pákó wọ̀nyẹn.

A kun ojú títì ní àwọ̀ ewé.
ÒWÚ nìkan la kọ síbẹ̀, lẹ́tà gbàǹgbà
tí ojú àgbà lè kà láti inú bọ́ọ̀sì.
Mo wá gbé àkàbà lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkun.
Ìyá di ẹsẹ̀ àkàbà mú.
“Kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀ yẹn?”
“Kí méjèèjì lè bára mu ni, Màmá.”
“Ta ló ń wo méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà?”

Mo po ìyeyè.
Yanara ní ilé náà dà bí ẹni tó wọ ṣòkòtò bàbá
pọ̀ mọ́ bùbá ìyá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fresia ránṣẹ́ pè mí,
àwọ̀ aró náà ti sú u.
Mo fi búrọ́ọ̀ṣì sílé,
mo mú èékánná mi lọ.